Ohun Tí A Gbára Lé: Ọ̀rọ̀ Láíbírì Kọ̀ǹpútà àti Ẹsẹ Tí Ó Pàdánù Àmì

Ọ̀rọ̀ odù àti ìtumọ̀ ẹsẹ ni a sábà máa ń sọ níbí. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n ẹ má tètè yí ojú padà, nítorí pé ẹsẹ Ifá ni ó gbé mi dé ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹsẹ kan sì ń dùn mí títí di àkókò tí mo ń kọ èyí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé: nígbà wo ni ó tọ́ kí iṣẹ́ tí a ṣe fún àwọn ẹlòmíràn láti lò gbára lé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀? Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí lójoojúmọ́. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Babaláwo ni mí, ẹni ọdún 66, ọdún 14 ni mo sì fi sin ọ̀gá mi kí ó tó gbà mí láyè láti máa dá Ifá fún ènìyàn. Ọmọ mi ọkùnrin ni ó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé mi, inú ilé mi sì ni ìbéèrè náà ti bá wa.

Ó ti tó ọdún 11 tí mo ti ń kọ ẹsẹ sílẹ̀, àwọn tí ọ̀gá mi kọ́ mi àti àwọn tí mo gbà lẹ́nu àgbà awo ní ìlú mìíràn. Ọmọ mi ṣe ètò kékeré kan fún mi, tí ó ń to àwọn ẹsẹ náà sí abẹ́ odù 256, tí ó sì ń bá mi wá ọ̀rọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ó ṣe, ó rí i pé apá kan nínú iṣẹ́ náà lè wúlò fún gbogbo ẹni tí ń kọ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà, èyíinì ni apá tí ó ń tọ́jú àmì ohùn tí ó sì ń to ọ̀rọ̀ ní ìlànà A, B, D. Ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, ó sọ ọ́ di láíbírì, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Láíbírì tí mo ń wí yìí kì í ṣe ilé ìkàwé. Ìdìpọ̀ kóòdù ni, tí ẹnì kan kọ kí àwọn ẹlòmíràn lè mú un lò nínú ètò tiwọn láìtún un kọ. Ó dà bí àgúnmu tí a ti gún sílẹ̀: ẹni tí ó rà á kò mọ gbogbo ewé tí ó wà nínú rẹ̀, ó kàn mọ iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe ni. Láíbírì kan lè lo òmíràn, òmíràn náà lè lo òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ẹni tí ó mú ọ̀kan wọlé ti mú gbogbo ìran rẹ̀ wọlé.

Lọ́dún tí ó kọjá, ọmọ mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fún mi, ó sì gbé ètò wa sórí rẹ̀. Mo ṣí àkójọ mi, mo fi ẹsẹ kan kún un, mo fi í pamọ́, mo sì lọ jẹun. Nígbà tí mo tún ṣí i ní alẹ́, gbogbo àmì ti lọ. Ọ̀ṣẹ́ Méjì ti di Ose Meji. Ìrẹtẹ̀ ti di Irete. Láti orí ẹsẹ àkọ́kọ́ dé orí èyí tí ó kẹ́yìn, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀.

Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni àmì. Àwa mọ̀ pé bí a bá mú un kúrò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di ohun kan náà. Ẹ̀dà kan wà nínú fláàṣì, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún kan tí a ti ṣe é, mo sì ti kọ ẹsẹ 214 lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n. Mo ń sun wọ́n láti ẹnu, ọmọ mi ń fi àmì sí wọn. Èyí tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi kò fún mi ní wàhálà, orí mi ni ó wà. Èyí tí mo gbà lẹ́nu àgbà mìíràn ni ó le.

Nínú wọn ni ẹsẹ kan wà tí mo kọ sílẹ̀ lẹ́nu bàbá àgbà kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ. Bàbá náà ti papò dà. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹsẹ náà ti ka ohun ẹbọ, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni “igba obi”. Obì kò ní iyèméjì. Ṣùgbọ́n ṣé igba obì ni, tí í ṣe obì 200, tàbí igbá obì, tí í ṣe obì tí ó kún igbá? Mo di ojú mi, mo wá ohùn bàbá náà, n kò rí i. Ìwé kékeré tí mo kọ́kọ́ fi gègé kọ ọ́ sí lọ́jọ́ náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìkánjú ni mo fi kọ ọ́, n kò fi àmì sí i.

Ọmọ mi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i. Láíbírì rẹ̀ gbára lé méje mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni ó ń sọ àmì di ọ̀nà kan náà kí a tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lẹ́tà tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀, bí ẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, tí í ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo lẹ́tà ayé fún kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè kọ ẹ kí ó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè kọ e, kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí ó tó fi ti òkè sí i. Ẹlòmíràn tún lè bẹ̀rẹ̀ láti orí é. Ojú ènìyàn rí ohun kan náà. Kọ̀ǹpútà rí ohun mẹ́ta, bí ẹ bá sì wá ọ̀rọ̀ tí a fi ọ̀nà kan kọ, kò ní rí èyí tí a fi ọ̀nà kejì kọ. Ìdí nìyí tí a fi nílò ohun tí yóò sọ wọ́n di ọ̀kan. Nínú ẹ̀dà tuntun láíbírì náà, ẹni tí ó ni ín ti pinnu pé kí ó máa mú àmì kúrò pátápátá, àfi bí a bá sọ fún un pé kí ó fi í sílẹ̀.

Mo fẹ́ bú ẹni náà. Ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ má bú u. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba, ó sì yí nọ́ńbà àkọ́kọ́ padà.” Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ láíbírì ni ó ń fi nọ́ńbà mẹ́ta sọ ẹ̀dà wọn. Ti ìkẹyìn ń yí padà bí a bá tún àṣìṣe ṣe. Ti àárín ń yí padà bí a bá fi nǹkan kún un láìda ti tẹ́lẹ̀ rú. Ti àkọ́kọ́ ń yí padà nígbà tí ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni náà ti lu agogo. Àwa ni a kọ sílẹ̀ pé ẹ̀dà yòówù kí ó jẹ́, a gbà á. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ẹ̀dà 1, tuntun gba ẹ̀dà 2, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá léèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà kan dé láti Bràsíìlì. Olùkọ́ kan tí ó ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé òrìṣà ni ó kọ ọ́. Ó ti ń lo láíbírì ọmọ mi láti to àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ́ wọn. Ó ní àmì orí ọ̀rọ̀ òun ti pòórá, ó sì ń bèèrè pé kí ni òun ṣe tí kò tọ́. Kò ṣe ohunkóhun. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé láíbírì tí ó ba ọ̀rọ̀ òun jẹ́ wà láyé. Àwa ni a mú un wọ ilé rẹ̀.

Lẹ́tà yìí ni ó jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ètò tí a kọ fún ara wa àti láíbírì. Bí mo bá gbára lé ènìyàn nínú ètò tèmi, tí onítọ̀hún sì já mi kulẹ̀, èmi ni mo ṣubú. Bí láíbírì bá gbára lé ènìyàn, gbogbo ẹni tí ó fẹ̀yìn ti láíbírì náà ni yóò ṣubú, wọn kò sì ní mọ ẹni tí ó yẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ mi bi mí pé, “Bàbá mi, ṣé kí n kúkú yọ méjèèje kúrò, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀?” Ẹnu mi fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà ni mo rántí ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi kò gbẹ́ ọpọ́n fúnra rẹ̀, ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó ti ń rà á. Kò já gbogbo ewé fúnra rẹ̀, ó máa ń rán mi sí lékulẹ́ja lọ́jà. Síbẹ̀, àwọn egbò kan wà tí kì í rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi obìnrin kan ṣoṣo, bí obìnrin náà kò bá sì wá sọ́jà, iṣẹ́ yóò dúró di ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ohun tí ojú mi lè mọ̀ bí ó bá bàjẹ́, mo lè rà á lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Ohun tí ojú mi kò lè mọ̀, ọwọ́ ẹni tí ayé ti dán wò ni mo ti ń rà á. Ohun tí ó sọ mí di awo, n kì í rà á.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ àwọn mu. Ó sì sọ ìtàn mẹ́ta fún mi.

Àkọ́kọ́ ni ti left-pad. Láíbírì yìí kò ju ìlà 11 lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó fi àlàfo tàbí òdo síwájú ọ̀rọ̀ títí yóò fi gùn tó bí a ṣe fẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹni tí ó kọ ọ́ bá àwọn tí ń ṣe àkóso npm, ọjà tí àwọn oníJavaScript ti ń mú láíbírì, jà lórí orúkọ láíbírì rẹ̀ mìíràn. Ó bínú, ó kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ètò ńláńlá káàkiri ayé kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi dá ìlà 11 náà padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ìkejì ni ti event-stream, ní ọdún 2018. Ẹni tí ó ni ín kò lò ó mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àlejò kan ní òun yóò bá a tọ́jú rẹ̀, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Àlejò náà fi láíbírì mìíràn há a nínú, èyí tí ó wà láti jí owó bitcoin nínú àpamọ́wọ́ àwọn tí ń lo ètò kan. Orúkọ ọjà kò yí padà. Ọwọ́ tí ó ń tà á ni ó yí padà.

Ìkẹta ni ti Log4j, tí àwọn oníJava fi ń kọ ohun tí ètò wọn ń ṣe sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni a kéde pé ihò wà nínú rẹ̀ tí olè lè gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò mọ̀ pé àwọn ní in, nítorí pé láíbírì mìíràn ni ó gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ní apá kejì. Àwọn tí ó gbára lé e ní gbangba, tí wọ́n sì mọ ẹ̀dà tí wọ́n ní, kàn gba ẹ̀dà tí a ti tún ṣe ni. Ẹni tí ó da kóòdù rẹ̀ kọ sínú tirẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ihò náà kí ó sì dí i. Nítorí náà, kí a má ṣe gbára lé ẹnikẹ́ni, òun náà ní owó tirẹ̀ tí a ń san.

A wá mú méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí ó ń sọ àmì di ọ̀kan, a yọ ọ́. Ọmọ mi rí i pé èdè JavaScript fúnra rẹ̀ ti ní ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún 2015. A lọ yá ohun tí ó wà nínú ilé wa. Èyí tí ó ń fi òdo síwájú nọ́ńbà, òun náà ti wà nínú èdè náà láti ọdún 2017. Èyí tí ó ń fi àwọ̀ kun ìkìlọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àwọn méjèèjì lọ.

Èyí tí ó ń to ọ̀rọ̀, a yọ ọ́, a sì kọ tiwa. Lẹ́tà Yorùbá kò ju 25 lọ. Gb tẹ̀lé g, ẹ tẹ̀lé e, ọ tẹ̀lé o, ṣ tẹ̀lé s. Èyí kò ní yí padà lọ́la. Nípa ti odù, ipò àgbà ni a fi ń tò wọ́n, kì í ṣe A, B, D, ipò náà kò sì rí bákan náà ní gbogbo ìlú. Ta ni àlejò tí yóò bá wa mọ ìyẹn? Ohun tí ó mú kí láíbírì náà wà láyé nìyí. Bí a bá gbé e fún ẹlòmíràn, kí ni ó kù tí a ń ṣe?

Ìkarùn-ún ni ti ọjọ́ àti oṣù. Òun kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wa jáde: ẹni tí ó bá bi láíbírì wa ní ọjọ́ tí a kọ ẹsẹ kan, ọjọ́ tí láíbírì kejì náà mọ ni a ń gbé lé e lọ́wọ́. Bí olùkọ́ Bràsíìlì bá ní ẹ̀dà 1 nínú ètò tirẹ̀, tí àwa sì fẹ́ ẹ̀dà 2, ìjà ti dé. Nínú èdè Python, ọ̀kan ṣoṣo ni ó lè jókòó. Nínú JavaScript méjèèjì lè jókòó, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè má mọ ọmọ èkejì ní ọmọ. A yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni a fi ń sọ ọjọ́ báyìí, kí olúkúlùkù fi ohun tí ó wù ú kà á.

Ìkẹfà ni èyí tí ó ń ti ẹsẹ pa, nítorí pé àwọn ẹsẹ kan wà tí kì í ṣe ti ojú ọjà. Mo ní kí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, nítorí pé awo ni. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tí ó bá dá kọ́kọ́rọ́ irú èyí ṣe yóò rò pé ilẹ̀kùn ti tì, ojú rẹ̀ kò sì lè mọ̀ pé kò tì. Mo rántí egbò ọ̀gá mi. Ohun tí ó jẹ́ awo jù lọ ni a fi sí ọwọ́ àlejò, ṣùgbọ́n àlejò tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n ti ń dán wò láti ọdún pípẹ́. Síbẹ̀ a mú un kúrò nínú láíbírì, a gbé e sínú ètò tèmi, nítorí pé olùkọ́ Bràsíìlì kò ní ohun tí ó ń tì.

Ìkeje ń ka fáìlì Word. Fáìlì Word jẹ́ àpò tí a dì, ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Ó lè gba ọdún kí a tó mọ gbogbo ìwà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ń lo láíbírì wa nílò rẹ̀. A fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kọ sílẹ̀ pé a gba ẹ̀dà kankan tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ti dán wò, a kò gba òmíràn. A kò so ó mọ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo, kí àwọn tí ń lò ó lè gba àtúnṣe. Ètò tèmi, tí kò sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ni a so mọ́ ẹ̀dà pàtó.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni ìdánwò. Ọmọ mi kọ ọ̀rọ̀ 40 sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Kí ẹ̀dà tuntun tó jáde, láíbírì ní láti gbà wọ́n wọlé, kí ó fi wọ́n pamọ́, kí ó sì dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà. Igba ni àkọ́kọ́, igbá ni ìkejì. Ká ní ó ti ṣe èyí tẹ́lẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan ni a ì bá fi mọ̀. Ó jẹ́wọ́ èyí fún mi, ó sì kọ ọ́ sí olùkọ́ Bràsíìlì pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

Mo padà sí abúlé náà. Mo bá ọmọ awo méjì tí bàbá àgbà náà fi sílẹ̀. Ọ̀kan sun ẹsẹ náà, ó ní igba obì. Èkejì sun ún, ó ní igbá obì. Olúkúlùkù ní bí òun ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ìbò bi Ifá. Bí odù náà bá jáde fún ènìyàn níwájú mi, mo lè bèèrè ohun tí Ifá yóò gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún lọ́jọ́ náà, mo sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá àgbà náà sọ lẹ́nu, bí yóò ṣe wà nínú ìwé fún àwọn tí yóò kọ́ ọ, n kò lè fi ìbò dá a padà. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi wà nínú àkójọ mi lónìí tí a kò fi ohùn kankan jẹ́rìí sí. Mo kọ ohùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo ní ọmọ awo mẹ́rin lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹsẹ náà nínú wọn yóò kọ́ iyèméjì mi mọ́ ọn, yóò sì gbé e fún ẹni tí ó bá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi náà wà nínú ohun tí àwọn ẹlòmíràn gbára lé.